Ẹsẹ̀ Iwájú Mọ́tò Àjàní

Àjàní, ọkọ mi. Àjàní ọmọ Ọlálọmí, Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mojò, ọmọ àwọn tó fi ìjàkadì ṣorò nílé. Àjàní tó ń jó irin bí ẹni ń ránṣọ, tí iná kì í bà lẹ́rù. Bí mo ṣe máa ń kí i láràárọ̀ nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wọ ilé rẹ̀ títí di àárọ̀ tí kò dá mi lóhùn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹnu mi ò pè é rí nígbà tó wà láyé, mi ò sì ní tìtorí pé ó ti kú kí n wá máa fi bírò pè é. Orúkọ àwọn yòókù wà lórí mi, látorí ẹni tó ta irin fún wa dórí ẹni tó pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Mi ò gbàgbé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà láyé, wọn ò sì ní kí n kọ àwọn sínú ìwé. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níbí yóò mọ̀ pé òun ni.

Inú opó ni mo wà, mi ò lè jáde. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni, nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo ṣì ń ta mílíìkì alágolo àti ṣúgà ní ọjà Túdù. Ó tó mi láti kọ ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí, torí iwájú fèrèsé mi ló wà bí mo ṣe jókòó yìí, tapólì ni wọ́n fi bò ó.

Ẹ má rò pé irú mọ́tò tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tà ni o. Inú àpótí pákó ló ti wá. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tẹ́mà ló kó o wá láti ìlú wọn: ara rẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti àwọn wóróbo mìíràn. Ẹni tó bá ní in ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé, ẹ́ńjìnì àti táyà sì ń bẹ lára mọ́tò àlòkù, kó lọ wá a. Òyìnbó yẹn ò tò ó. Nígbà tó ń darí sílé, ó fi gbogbo àpótí náà ta ọkọ mi lọ́rẹ, torí géètì tí ọkọ mi jó fún un tó dùn mọ́ ọn nínú. Ọkọ mi fi ọ̀pọ̀ ọdún tò ó nínú àgbàlá wa ní Dánsómàn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìgbà tó yọrí, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní òrùlé, imú rẹ̀ gùn bíi ti ọ̀nì, ìjókòó méjì péré ló sì ní. Àwọn ọmọ wa bú sẹ́kún.

"Dádì, àwa ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ẹ bá èrò wọ tròtrò," ó ní. "Èmi àti ìyá yín là ń lọ."

Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Ọ̀nì Àlátà, torí Àlátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Tí a bá ń kọjá wọ́n á sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n á máa pariwo, ọkọ mi á sì fọn fèrè fún wọn bí ọba.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ mọ́tò náà. Sábọ́n Zóńgò ni ọkọ mi ti kéwú nígbà tó wà ní kékeré, lọ́dọ̀ àáfà kan tó wá láti ìlú wa, kò sì fi mọ́sálásí ibẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi darúgbó. A ó gba ọ̀nà Àbọ́sè Òkáì lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, àwọn òǹtajà á máa kí i láti ìsọ̀ wọn. Òun á kírun ní iwájú, èmi á kírun lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Lẹ́yìn náà a ó ra wàákyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú ewé, a ó sì gba etí òkun padà sílé. Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn, kò tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sítíárìn mọ́tò náà wúwo. Kò sí ohun tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, irin àti apá nìkan ni. Ọkọ mi á dì í mú bí ẹni di alátakò mú lójú agbo, á mí kanlẹ̀, á wá yí i. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní mọ́tò tí kò bá bá òun jìjàkadì, àga ni, kì í ṣe mọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jókòó sórí ìjókòó yẹn àfi òun. Kò ṣòfin rẹ̀, a kàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ni, bí a ṣe mọ àga tí bàbá ń jókòó sí nínú yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá, bùtá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé e, ó tún já bọ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọlu ọpọlọ rẹ̀, pé Ọlọ́run bá wa ṣe é, a tètè dé. Ẹnu rẹ̀ tó fẹ́ yẹ̀ padà sípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n apá òsì ò padà tán. Ó lè gbé ife, ó lè fi ka tẹ̀sùbáà, àmọ́ agbára ò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ wa mọ́tò òun jáde. Ẹnu ọ̀nà wa há, gọ́tà sì wà lápá òsì, àfi kéèyàn yí sítíárìn dópin kó tó lè bọ́ sí títì. Ó yí i, kò lọ. Ó tún yí i, iṣan ọrùn rẹ̀ le gbandi, mọ́tò bá fi imú nu etí gọ́tà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà.

"Táyà yìí ti le jù," ó ní.

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n dúró lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń wo ẹnu wa, kí n máa sọ fún ọkọ mi pé apá yín ti rọ? A ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó ti dàgbà ni, Àlájì. Mọ́tò ló ń ṣàìsàn."

Ó wojú mi, ó wo táyà. "Mọ́tò ló ń ṣàìsàn," ó ní.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun náà ṣe irú rẹ̀ fún mi rí. Nígbà tí ojú mi ń lọ, tí mi ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ ojú rí. Ó ní gílóòbù yàrá ni kò mọ́lẹ̀ tó, ó lọ ra èyí tó tóbi, ó gun àga, ó fi í síbẹ̀. Yàrá wa mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀sán, síbẹ̀ mi ò ríhò abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí gílóòbù yẹn.

Àkọ́bí wa obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Ó bá mi nídìí ààrò.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé mọ́tò yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Èmi á máa gbé Dádì lọ Jímọ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò mi fẹ̀ páà, ó sì ń tutù."

"Lọ sọ fún un."

"Èmi kẹ̀? Ẹ fẹ́ kó lé mi jáde nílé bàbá mi ni?"

Ọmọ náà ti bá dókítà sọ ọ́. Dókítà ní ẹsẹ̀ bàbá dára, ojú rẹ̀ dára. Tó bá lè yí sítíárìn láìsí wàhálà, kó máa wa mọ́tò dé ibi tí kò jìnnà. Tí kò bá lè yí i, kó fi í sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ wá kù sórí sítíárìn nìkan. Ọkọ mi náà gbọ́. Nígbà tí ọmọ ti lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," torí ìyàwó ló ń pè mí títí a fi ní ọmọ-ọmọ, "ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi lọ Jímọ̀ bí àpò ìrẹsì, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé mi padà. Kí wọ́n gbé mi kọjá tààrà."

"Ẹ yé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́."

Ẹni tí a ké sí ni fìtà, bí wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì nílùú yìí. Ọmọ Gá ni, àwọn tó ni ìlú yìí. Ọwọ́ ọkọ mi ló ti kọ́ iṣẹ́ irin nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, inú ilé wa ló ti gbọ́ Yorùbá, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí kẹ́nkè gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Kòkóńpè báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, àmọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Máàsítà ló ń pe ọkọ mi, Màádàmù ló ń pè mí. Mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí i létí pé mọ́tò ló ń ṣàìsàn o. Kò bi mí léèrè, ó ti yé e.

Ó yí mọ́tò po. Ó fọwọ́ tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ei, Máàsítà," ó pariwo láti ìsàlẹ̀, "ara rẹ̀ ò yá lóòótọ́ o!"

Afẹ́fẹ́ òkun Dánsómàn ti jẹ àwọn irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ó ti jẹ wọ́n di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sípíríìn ti sinmi, ọ̀kan lára ṣọ́ọ̀kù ti da epo rẹ̀ nù. Irọ́ tí a pa wá rí ẹlẹ́rìí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé imú mọ́tò sókè, wọ́n tú gbogbo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi nímù tí à ń pè ní dóńgóyárò, òun ló ń pàṣẹ. Kò lè di iná mú mọ́, torí apá òsì ló fi máa ń di irin, fìtà ló ń jó o. Àmọ́ fìtà ò jẹ́ jó ibì kan láìbéèrè.

"Máàsítà, ṣé kí n jó o láti òkè àbí láti ìsàlẹ̀?"

"Láti òkè kẹ̀? Ṣé mo kọ́ ẹ láti òkè?"

"Mo ti gbàgbé ni, Máàsítà."

"Irọ́ ni, o ò gbàgbé. Láti ìsàlẹ̀!"

Ó mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ gbàgbé? Ó ti fi irin jíjó tọ́ ọmọ tó ti lọ yunifásítì. Mo máa ń gbé omi tútù fún wọn, mo máa ń ní "Ayékóò," ẹ kú iṣẹ́ ti ìlú yìí, wọ́n á dáhùn, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín lọ sínú ilé.

Wọ́n ṣe apá irin tuntun méjì-méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n gùn ju ti àtijọ́ lọ, kí táyà méjèèjì lè jìnnà síra wọn. Wọ́n ra ṣọ́ọ̀kù tuntun tí sípíríìn wé mọ́ ọn lára. Fún sítíárìn, Àbọ́sè Òkáì ni fìtà ti lọ rí i. Mọ́tò kékeré kan fẹ̀yìn sọ igi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló bàjẹ́, sítíárìn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí iná bátìrì ń ràn lọ́wọ́: mọ́tò iná kékeré kan wà lára ọ̀pá rẹ̀, téèyàn bá ti fi ọwọ́ yí i díẹ̀, iná á ti ìyókù. Páwà sítíárìn ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gé ọ̀pá ti àtijọ́, wọ́n so tuntun mọ́ ọn, wọ́n fi wáyà tó nípọn fà á dé ìdí bátìrì. Ọkọ mi ò fẹ́ ẹ lákọ̀ọ́kọ́.

"Ta ló ní kí iná bá mi wa mọ́tò?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń ràn lọ́wọ́, Máàsítà," fìtà ní. "Mọ́tò ló ń ràn lọ́wọ́. Ṣé mọ́tò kọ́ ló ń ṣàìsàn ni?"

Ọkọ mi wò mí, mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ tó parí, ilé kún. Ọmọ wa nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Ọkọ mi wọlé, ó jókòó, ó fi ìka kan ṣoṣo yí sítíárìn, táyà iwájú méjèèjì sì yí láti òpin dé òpin bí ẹni ń jó. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo wọ ìjókòó mi. Ó yí i jáde lẹ́nu géètì wẹ́rẹ́, imú rẹ̀ ò nu gọ́tà, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí a dé títì ńlá, mo rí i pé ojú rẹ̀ ò túká. Mọ́tò náà ń yà. Ó yà sí ọ̀tún, ọkọ mi fà á padà, ó wá yà sí òsì kọjá ibi tó yẹ. Tí a bá gba kọ́nà, ó ń bá kọ́nà lọ ni, àfi kó fi ọwọ́ fà á wá sójú ọ̀nà. Tròtrò kan fẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá lára wa, ọmọ tó ń gba owó ọkọ̀ yọrí jáde: "Ei, Àlájì! Ṣé ẹ ti mu akpẹtẹṣì ní kùtù báyìí ni?" Ọkọ mi tí ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí! Ọjọ́ mìíràn ì bá fún un lésì tí gbogbo tròtrò á fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn ojú ọ̀nà nìkan ló ń wò. A padà sílé, ó fa tapólì bo mọ́tò.

Ọmọ wa fà mí sẹ́yìn ilé. "Ọwọ́ ni, Màámi. Ọwọ́ yẹn ò mọ ohun tó dì mú mọ́. Bí ẹ tún gbé òkè wá ran sítíárìn yẹn lọ́wọ́, ọwọ́ ni."

Fìtà náà sọ ohun kan náà fún mi, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Màádàmù, kò sí ohun tó kù tí mo lè ṣe. Kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ọwọ́ ní Àbọ́sè Òkáì."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú rẹ̀. Tó bá ní mọ́tò náà ò dáa, a ó ní oòrùn pọ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi. Tó bá ní ká pe fìtà, a ó ní ó rìnrìn àjò lọ Kùmásì. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, ọmọ wa gbé e nínú mọ́tò tirẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní, "Àlájì, ẹ kú àbọ̀, ṣé Ọlọ́run gbà á?"

Ó ní, "Wọ́n gbé mi lọ, wọ́n gbé mi bọ̀." Ó wọlé lọ sùn, kò jẹun.

Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn ju ti ọjọ́ tí bùtá já bọ́ lọ. Ọjọ́ bùtá, ó ń bá ara rẹ̀ jà, mo rí i. Báyìí, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Jímọ̀ kejì, ó ní òun á kírun nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni fìtà yọjú pẹ̀lú kẹ́nkè àti ẹja díndín, bí ẹni wá kí aláìsàn. Ọmọ wa náà wà nílé. Ọkọ mi jáde wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lábẹ́ nímù, ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó.

"O ti ti Kùmásì dé?" ó bi fìtà.

Fìtà wò mí. "Mo ti dé, Máàsítà."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀? Apá mi ló ń ṣàìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò. Èmi ni mo ni apá, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ẹ ní mọ́tò ni, mo ní ó dáa, torí ó dùn ún gbọ́." Ó gbé apá òsì rẹ̀ sókè, ó jẹ́ kó já sórí itan. "Apá nìyí. Gbogbo yín ẹ wò ó. Ẹ ti wò ó tán?"

Ọmọ wa ti ń sunkún.

"Ìgbà tó jẹ́ apá ni, ẹ ní mọ́tò ni. Ní báyìí mọ́tò ni, ẹ wá ń sọ lẹ́yìn ilé pé apá ni. Ìwọ, ta ló wa mọ́tò yìí lẹ́yìn tí o tò ó tán?"

"Ẹ̀yin ni, Máàsítà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Lórí ìjókòó yín?"

"Ní Kòkóńpè, ṣé o máa ń gbé mọ́tò fún oní-mọ́tò láìwà á wò?"

"Ó tì o, Máàsítà. Ṣùgbọ́n tiyín..."

"Wọlé."

Fìtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, ọmọ Gá, bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀fà. "Máàsítà, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní wọlé! Àbí o fẹ́ kí n fi apá yìí gbé ọ wọlé ni?"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọ inú mọ́tò. Ó fi ìdí kan jókòó. Ó wà á jáde. A gbọ́ ìró rẹ̀ tó ń lọ, a gbọ́ tó ń bọ̀. Nígbà tó wọlé, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ là kedere.

"Máàsítà! Mọ́tò yìí ń rìn bí ọ̀mùtí! Tí mo bá yí i, kì í fẹ́ padà!"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wa tó ń sunkún náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu imú. Mo ti ronú sí i gan-an nínú opó yìí. Ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí fìtà jókòó síbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí èmi náà gba ọkọ mi gbọ́ nígbà tó ń sọ òótọ́, torí a ti fi ẹnu kan náà bo apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Mi ò sọ pé kò dáa. Bóyá tí mo bá tún bá a lẹ́nu géètì lónìí, ohun tí mo sọ náà ni n ó sọ.

Ó wá ṣàlàyé fún wọn. Ó ní nígbà tí òun ń to mọ́tò yìí, òun mú kí ẹsẹ̀ iwájú dúró ṣánṣán, kí ó lè fúyẹ́ díẹ̀ fún apá, apá òun ló sì ń dá táyà padà sójú ọ̀nà. Fìtà ti tẹ̀ lé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wo kẹ̀kẹ́," ó ní. "Irin tó di táyà iwájú rẹ̀ mú, ṣé ó dúró ṣánṣán ni? Orí rẹ̀ fì sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. Ohun tó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa wá ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí tí iná ti ń gbé ẹrù, kí ni ẹ tún ń fi fúyẹ́ ṣe? Ẹ dá orí ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn."

Kò gba irin tuntun. Wọ́n tú apá òkè, wọ́n yọ àwọn wáṣà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ síwájú kí orí ẹsẹ̀ lè fì sẹ́yìn, wọ́n so irin mọ́ okùn, wọ́n fi í wọn ọ̀tún àti òsì títí tí wọ́n fi bá ara wọn mu. Ọkọ mi ní kí fìtà tún wà á. Lọ́tẹ̀ yìí fìtà fi ìdí méjèèjì jókòó. Nígbà tó dé, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ Jímọ̀, mo wọ léèsì funfun mi. Mo jókòó sí àyè mi. Ọmọ wa dúró lẹ́nu géètì, kò ká apá mọ́ àyà mọ́. A jáde. Mọ́tò náà ń lọ tààrà, ó tẹ ihò mọ́lẹ̀ láìgbé wa ju sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Apá òsì ọkọ mi wà lórí sítíárìn, ó kàn gbé e síbẹ̀ ni, ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́. Ní Àbọ́sè Òkáì àwọn òǹtajà dìde: "Àlájì! Àlájì ti dé o!" Ó fọn fèrè fún wọn.

Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà ṣẹ́ kọ́nà kan tó gùn. Ó yí i wọlé. Bí a ti ń jáde nínú kọ́nà náà, ó ní, "Ìyàwó, wò ó." Ó ṣí ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn, ó gbé wọn sókè bí ẹni fẹ́ ṣàdúà.

Mo kígbe. Ṣùgbọ́n sítíárìn náà yí padà fúnra rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, táyà tọ́, a bọ́ sójú ọ̀nà. Ó tún gbé ọwọ́ lé e. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

Bó ṣe fẹ́ mi sọ́nà nìyẹn. Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé wa, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa wo fèrèsé wa dípò ọ̀nà. Ìyá mi á ní, "Wèrè Ọ̀fà yẹn tún ti dé." Mi ò rántí rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí.

Nígbà tí a dé mọ́sálásí, àáfà àgbà kan tí wọ́n jọ kéwú lọ́mọdé wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ nìyẹn? Wọ́n ní gbígbé ni wọ́n ń gbé ọ báyìí."

"Ta ló ń gbé ta?" ọkọ mi ní, ó ń sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n gbé ọ délé ni? Ìjókòó méjì ni o, ìyàwó mi ló ni ìkejì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ ní Jímọ̀ Jímọ̀, gbogbo ìgbà òjò yẹn àti ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Tójò bá ń rọ̀, a ó dúró lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn títí yóò fi dá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ọ̀nà bá dá, ó máa ń ṣí ọwọ́. Mi ò kígbe mọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì ni mo kúnlẹ̀ kí i ní ìdájí, mo pe Àjàní, mo pe Ọlálọmí, kò dá mi lóhùn. Apá òsì rẹ̀ wà lórí àyà rẹ̀. Àwọn ènìyàn dé, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í ní funfun. Ọkọ̀ mọ́sálásí ló wá gbé e. Àwọn obìnrin kì í bá wọn dé ìtẹ́ òkú, mo dúró lẹ́nu géètì. Fìtà wá bá mi.

"Màádàmù, ṣé kí n wà á tẹ̀ lé Máàsítà?"

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó dáadáa. Ìjókòó tèmi ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yí i jáde wẹ́rẹ́, imú rẹ̀ ò nu gọ́tà.

Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Sábọ́n Zóńgò, wọ́n kírun sí i lára níbẹ̀, wọ́n sì gbé e kọjá. Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, wọ́n sin ín.